Òkú Sábó di e-book: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ṣágámù

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìtàn yìí ti ń gbé inú mi. Oníṣòwò gbànja kan kú sínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ní Sábó, níbí ní Ṣágámù. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú. Agbọ̀n obì mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Kánò ti di mẹ́rìndínlógún. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lórí fóònù rẹ̀ tí kò tíì rí àyè fi ránṣẹ́. Àròsọ ni o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa béèrè ṣọ́ọ̀bù náà ní Sábó.

Màmá mi ló ń ta obì, ìdí àtẹ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ gbànja sómi kí èèpo funfun rẹ̀ lè bọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó má baà gbẹ kó tó dé Òkè Ọya. Èmi ní tèmi, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mo ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Ìsìnkú ló ń mówó wọlé jù. Bóyá òun ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ òkú.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí mo bá sọ pé òun kò lè tẹ ohun tó dín ní 500 ẹ̀dà. Mo ro owó rẹ̀, mo tún ro ibi tí 500 ìwé máa sùn nínú yàrá méjì tí à ń gbé, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Bí mo ṣe gbájú mọ́ e-book nìyẹn, ìwé tí à ń kà lórí fóònù tàbí ẹ̀rọ ìkàwé. Àwọn ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, inú ìwé kékeré kan ni mo ń kọ wọ́n sí lálẹ́ tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn tún wọn tò ni.

Ọjọ́ 1

Ohun tó wà nílẹ̀: láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, àti ìtàn tó tó ọ̀rọ̀ 61,000, orí 28, tí mo tẹ díẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, tí mo tẹ díẹ̀ lórí fóònù nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, ó padà wá fojú mi rí nǹkan. Sọ́fítíwíà: LibreOffice tí mo fi ń tẹ̀wé, Sigil tí mo fi ń to e-book, Calibre tí a fi ń tọ́jú e-book tí a sì fi ń yí i padà, EPUBCheck tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó péye. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀rù EPUB, irú fáìlì tí a fi ń ṣe e-book, ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo yí ìparí orúkọ fáìlì kan padà láti .epub sí .zip tí mo sì ṣí i, ẹ̀rù náà lọ. Àpò lásán ni. Orí ìwé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ bí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, pẹ̀lú fáìlì CSS tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí, àwòrán èèpo ìwé, àti fáìlì OPF. OPF yìí dà bí wéébíìlì tí dírẹ́bà ọkọ̀ obì máa ń gbé dání: ó ka gbogbo ohun tó wà nínú ẹrù, ó sì sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Inú rẹ̀ náà ni mo kọ èdè ìwé sí: yo. Lẹ́tà méjì péré, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni ohun tó fẹ́ kà.

Ọjọ́ 2 sí 6

Àtúntò. Mo ti fi Enter mẹ́ta mẹ́ta sáàárín ìpínrọ̀, mo fi àlàfo márùn-ún márùn-ún bẹ̀rẹ̀ wọn. Lórí bébà kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lórí fóònù, ó fọ́n káàkiri bí obì tó dà sílẹ̀. Mo palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, mo sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan kí Sigil lè mọ ibi tí yóò ti gé e. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán, kò ní ìròyìn kankan.

Àfi ohun kan. Nígbà tí Sigil kó àkọlé àwọn orí jọ láti fi ṣe àtòjọ, mo rí ìwé mi bí olè tí wọ́n tú àpò rẹ̀ sí gbangba. Orí 21: Òkú Kejì. Orí 26: Àna Ló Ṣe É. (Mo ti yí èyí padà níbí, ẹ fara balẹ̀.) Nínú ìwé bébà, ta ló ń ka àtòjọ àkọlé ìtàn? Lórí fóònù, bí òǹkàwé bá fìka kàn án báyìí, gbogbo rẹ̀ ti tú síta. Mo yọ gbogbo àkọlé kúrò, nọ́ńbà nìkan ló kù.

Ìdá tí ẹ̀rọ ìkàwé máa ń kọ sísàlẹ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Bí àwọn ọlọ́pàá bá mú ẹnì kan nígbà tí fóònù ń sọ pé a ti ka ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, òǹkàwé ti mọ̀ pé ẹni yẹn kọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi orí méjì láti inú ìwé mi tó ń bọ̀ sẹ́yìn bí ìtọ́wò. Báyìí ìtàn parí ní nǹkan bí ìdá 92. Àwọn tó ń fi ìdá ṣírò yóò ṣì í ṣe díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé ìtajà e-book máa ń jẹ́ kí oníbàárà ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá 10 ló wọ́pọ̀. Òkú mi wà ní orí kẹrin. Mo gbé e wá sí orí kejì. Ó dùn mí, torí orí kejì àtijọ́ ni mo ti ròyìn bí ìlú mẹ́tàlá ṣe kóra jọ di Ṣágámù ní 1872, Mákun, Òfin àti àwọn yòókù, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ mú orúkọ àti àdúgbò tirẹ̀ títí dòní. Orí tó dára ni. Àmọ́ kò sí òkú níbẹ̀, mo bá fi apá kan rẹ̀ sẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan ní orí kọkànlá.

Ọjọ́ 7

Màmá mi béèrè orúkọ ọmọ tó ń bá olóògbé ṣe ìwé owó. Mo ní Bọ́láńlé. Ó gbójú sókè.

"Àbẹ̀kẹ́, Bọ́láńlé wo? Èyí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi? Ṣé o fẹ́ kí n máa jókòó wojú ẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

Mi ò tiẹ̀ rántí ọkùnrin yẹn nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo bẹ màmá mi, mo sọ ọmọ náà di Kúnlé. Mo ní kí LibreOffice wá Bọ́láńlé, kó fi Kúnlé rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ó ní òun ti pààrọ̀ 212. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ 13

Mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ mẹ́ta. Lórí fóònù tèmi, ó dáa. Lórí ti ọmọ iṣẹ́ mi, àmì ohùn kò jókòó lórí lẹ́tà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Lórí ẹ̀rọ ìkàwé àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti Ìlú Ọba, àpótí òfìfo ló kún ojú ewé: Ọlọ□pàá. Ẹ□jẹ□.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, á àti à ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó àti ò náà ní. Ẹ ní, ọ ní, ṣ ní. Ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀, ẹ́ àti ẹ̀, wọn kò ní. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí: lẹ́tà olóbùúlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àmì ohùn tó gùn ún lórí lẹ́yìn náà. Fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń ya bí lẹ́tà ṣe rí, tí wọn kò bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lérí, yóò jù ú sílẹ̀ ni.

Mo mú fọ́ǹtì Gentium tí àjọ kan tó ń jẹ́ SIL ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kí n dì í mọ́ ìwé tí mo ń tà, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti ta fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo kọ èyí sínú CSS:

@font-face { font-family: "Gentium"; src: url("../Fonts/Gentium.ttf"); }
body { font-family: "Gentium", serif; line-height: 1.6; }

Ìlà kejì yẹn ṣe pàtàkì. Àkọtọ́ tiwa ní ohun tó wà lórí lẹ́tà àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìlà bá há, àmì inú ìlà kan á máa fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ èkejì. Pẹ̀lú 1.6 ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọlọ□pàá di ọlọ́pàá. Ewu tó kù ni pé bí òǹkàwé bá lọ yan fọ́ǹtì tirẹ̀ nínú ètò ẹ̀rọ, tèmi ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Mo kọ gbólóhùn kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé láti bẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ 15

Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo gbé e lọ fún olùkọ́ Yorùbá tó kọ́ mi ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Tíṣà là ń pè wọ́n. Wọ́n ka ojú ewé kan ní ìdúró, wọ́n yọ bírò pupa.

"Ìwọ ọmọ yìí, àmì ohùn rẹ ti mutí yó."

Wọ́n kọ owó. Wọ́n gba gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò mẹ́rin, èyí tó kan dáadáa.

Ọjọ́ 24

Iṣẹ́ Bàbá dé. Kò sí ojú ewé kan tí bírò pupa kò dé. Ọmọ iṣẹ́ mi àti èmi fi ọjọ́ mẹ́ta gbé àtúnṣe wọn wọlé, òun ń pè é, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, a kò ronú nípa ohun tí à ń tẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ 27 sí 31

Ènìyàn márùn-ún ni mo fi ránṣẹ́ sí kí wọ́n bá mi kà á kí n tó tà á. Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ ohùn láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ìpẹru:

"Ó dáa gan-an o, Àbẹ̀kẹ́. Àmọ́ kí ló dé tí àwọn ọlọ́pàá inú ẹ̀ ya òmùgọ̀ tó báyìí? Ohun tó ti hàn láti orí kejì, òun ni wọ́n ń wá kiri dé orí kẹtàlélógún."

Mo rò pé ọgbọ́n àǹtí mi ló pọ̀. Ẹnì kejì sọ ohun kan náà. Ẹnì kẹta náà sọ ọ́. Nígbà yẹn ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú.

Ẹnì kẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkòròdú, ní tirẹ̀ kò rí nǹkan kan ní orí kejì. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun ti mú apànìyàn. "Bọ́láńlé ni. Ó kàn yọ ní orí kẹsàn-án, ó fún ọ̀gá lómi mu, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀ dé orí kẹrìndínlógún. O gbé e pa mọ́ dáadáa, mo fọwọ́ sí i fún ẹ."

Bọ́láńlé kẹ̀? Ẹni tí mo ti sọ di Kúnlé láti ọjọ́ keje!

Ọjọ́ 32

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Èyí tó kan orí kejì ni mo kọ́kọ́ mú. Kí ẹ lè lóye rẹ̀: olóògbé kọ àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́, láìsí àmì kankan, ìdí rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn náà so mọ́. Mi ò ní fi tinú ìwé hàn yín, ọjà mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi èyí rọ́pò rẹ̀:

Owo na wa ninu oko

Sájẹ́ǹtì kà á pé owó náà wà nínú oko. Wọ́n kó ṣọ́bìrì, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́jọ gbẹ́ oko olóògbé títí kòtò fi gba ènìyàn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni ọkùnrin náà ń sọ, ọkọ̀ tó ti gba títì márosẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀. Tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe owó, tí ìtàn yóò sì gba ọ̀nà mìíràn tí n kò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lójoojúmọ́, àlọ́ ni gbogbo wọn. Ojú wa ti mọ́ ọn ni.

Mo ṣí orí kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ olóògbé wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, àmì ohùn pé lórí rẹ̀, kò ku ọ̀kan. Bírò pupa ti dé ibẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi pè é, èmi fọwọ́ ara mi tẹ ìdáhùn àlọ́ mi sí ojú ewé 14.

Mo gbé ìwé náà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà. Wọ́n wọ awò, wọ́n wò ó.

"Ṣé o kò gbàgbé ni? Mo rò pé o gbàgbé. Ó gbà mí ní ìrònú o. Mo ní láti ka ìwé náà dópin kí n tó mọ èwo ni kí n fi sí i."

Ó yẹ kí n bínú. Ẹ̀rín ni mo ń rín bọ̀ nílé.

Ọmọ iṣẹ́ mi dábàá pé kí a ya àtẹ̀jíṣẹ́ náà bí àwòrán fóònù, kí bírò ẹnikẹ́ni má lè dé ibẹ̀ mọ́. Mo rò ó, mo kọ̀. Ẹni tó bá mú kí ọ̀rọ̀ tóbi lójú fóònù rẹ̀, àwòrán kò ní bá a tóbi. Ẹni tí kò ríran, tí ẹ̀rọ ń kàwé fún, yóò kàn gbọ́ pé àwòrán wà níbẹ̀ ni. Mo fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, mo fún un ní fọ́ǹtì àti àlà tirẹ̀ kó lè jọ ohun tó wà lójú fóònù, mo sì fi gbólóhùn kan ṣáájú rẹ̀ pé olóògbé kò fi àmì kankan sí i. Nínú ẹ̀dà tí mo ń fún àwọn tó ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ó wá ku òkùnkùn Bọ́láńlé. Mo wá orúkọ náà lórí láptọ́ọ̀pù, ó ní kò sí. Mo ń wò ó lójú mi níbẹ̀, Bọ́láńlé, ní orí kẹsàn-án, ó gbé ife omi dání, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kó lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ohun tó ń fi nọ́ńbà Unicode hàn. Kíbọọ̀dù fóònù mi máa ń tẹ ọ, nọ́ńbà U+1ECD, kó tó fi àmì òkè U+0301 lé e. Kíbọọ̀dù láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ máa ń tẹ ó tó ti lámì tẹ́lẹ̀, U+00F3, kó tó wá fi àmì abẹ́ U+0323 sí i nídìí. Lójú ènìyàn, ìkan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni méjì ni wọ́n. Àwọn 212 tó pààrọ̀ jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù. Mọ́kàndínlógún tí mo tẹ̀ lórí fóònù sá pa mọ́.

Ìlà kan nínú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló tán ọ̀ràn náà fún gbogbo fáìlì:

text = unicodedata.normalize("NFC", text)

NFC máa ń fi ọ̀nà kan ṣoṣo to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwárí mú gbogbo mọ́kàndínlógún. Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Nínú ìwé oúnjẹ, orúkọ tó ṣẹ́kù jẹ́ àṣìṣe lásán. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, afurasí tuntun ni.

Mo pe ọmọ Ìkòròdú pé Bọ́láńlé ti kú. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ọjọ́ 33

Torí pé mo ti tú àpò náà láti fi Python tún un ṣe, mo ní láti dì í padà. Mo dì í bí mo ṣe ń di gbogbo zip, mo yí orúkọ rẹ̀ sí .epub. Kò ṣí lórí ẹ̀rọ kankan. EPUBCheck ló sọ ìdí rẹ̀: fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ mimetype, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju application/epub+zip lọ. Òun gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àpò, wọn kò sì gbọdọ̀ fún un pọ̀. Zip tèmi ti to gbogbo nǹkan bó ṣe wù ú. Ìlà méjì ni àtúnṣe rẹ̀:

zip -X0 iwe.epub mimetype
zip -rX9 iwe.epub META-INF OEBPS

Iná lọ láàárín ìlà kìíní sí ìkejì. Mo fi bátìrì ogójì ìṣẹ́jú parí rẹ̀.

Ọjọ́ 36

Èèpo ìwé. Píksẹ́lì (ẹyọ àmì kékeré inú àwòrán) 1600 ní ìbú, 2560 ní gíga. Agbọ̀n obì kan, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kan, ó parí. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sí i, màmá mi ní kí n yọ ọ́ kúrò lára obì.

Ọjọ́ 38

Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Nọ́ńbà náà dé, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ọ̀kan rẹ́. Kò mọ̀ pé 978 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwé, 978 kejì jẹ́ ti Nàìjíríà gan-an, ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó tú u fó ni iye rẹ̀: nọ́ńbà 13 ló yẹ kó jẹ́, 10 ló kù. Ẹ rántí pé ti e-book yàtọ̀ sí ti bébà. Bí mo bá tẹ ìwé náà jáde lọ́la, nọ́ńbà mìíràn ni yóò gbà.

Ọjọ́ 41

Mo gbé e lọ sí ilé ìtajà ńlá kan lókè òkun. Mo ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀: ìwé tí owó rẹ̀ bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, òǹkọ̀wé lè gba ìdá 70 níbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ bíi dọ́là 2.09 lórí 2.99. Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Nàìjíríà, nítorí náà wọ́n á yọ ìdá 30 lára ti àwọn tó rà á lọ́hùn-ún, á ku bíi dọ́là 1.46. Mo ti gba kámú lórí ìyẹn.

Mo wá dé ibi tí wọ́n ti ní kí n yan èdè ìwé. Mo wá Yorùbá lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Èdè tí n kò gbọ́ rí wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yan Gẹ̀ẹ́sì. Kí n pe ìwé tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ àti oko ní Gẹ̀ẹ́sì? Mo ti ojú ewé náà pa.

Ọjọ́ 46 sí 55

WhatsApp ni mo ti ń tà á, ₦1,500. Ẹni tó bá sanwó sí báńkì, mo fi fáìlì ránṣẹ́. Mo tún gbé e sí ibì kan níbí ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo tọ́jú gbogbo fáìlì sọ́wọ́ ara mi. OkadaBooks tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa gbójú lé, ó kógbá wọlé ní 2023.

Ohun tí n kò ronú sí: ìdajì àwọn tó rà á ló kọ̀wé padà pé "Ko si o". (Àbí kò ṣí ni? Méjèèjì ṣeé ṣe.) WhatsApp máa ń ṣí PDF fún wọn, EPUB kò ṣí bí kò bá sí ohun ìkàwé lórí fóònù. Mo ti ń fi PDF ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù méjì, mo tún padà lọ ṣe é: ojú ewé tóóró tó bá fóònù mu, lẹ́tà tó tóbi, kí ẹnikẹ́ni má fi ìka méjì fa ọ̀rọ̀ gbòòrò kó tó lè kà á. Fáìlì méjèèjì ni mo ń fi ránṣẹ́ báyìí.

Mo kọ Python kékeré kan tó ń fi orúkọ ẹni tó rà á sí ojú ewé kejì kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀, ìtìjú nìkan ni mo gbójú lé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀dà kan dé sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọlọ́jà, ọ̀fẹ́. Mo ṣí ojú ewé kejì. Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ni mo bá níbẹ̀. Èyí tí mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ló ń fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti bá a sọ ọ́.

Ẹ̀dà 83 ni mo ti tà títí di alẹ́ yìí. Owó ISBN, owó àwòrán èèpo àti owó dátà ti padà, èrè rẹ̀ kò tíì tó ra bátìrì láptọ́ọ̀pù.

Ọjọ́ 58

Màmá mi ní kí n ka ìwé náà fún òun. Lẹ́tà fóònù kéré fún ojú wọn, wọn kò sì fẹ́ wọ awò níwájú oníbàárà. Wọ́n ń ṣa obì, mo jókòó sórí àpótí, mo ń kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Wọ́n ní bí mo ṣe fi ewé tẹ́ agbọ̀n ní orí kìíní kò tọ́, a kì í kó gbànja tútù sí i kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àǹfààní e-book nìyẹn, lálẹ́ yìí náà ni mo máa tún un ṣe.

Mo dé orí kejì. Òkú hàn. Wọ́n gbé fóònù rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n tàn án, mo dé ibi àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo lanu láti kà á. Ohùn kò jáde.

Kò sí bí mo ṣe lè fẹnu kà á láìjẹ́ pé mo yan ohùn kan. Bí mo bá yan èyí tó tọ́, mo ti ṣe ohun tí Bàbá Tíṣà ṣe. Bí mo bá yan èyí tí kò tọ́, mo ti purọ́ fún màmá mi.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?"

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gbà á, wọ́n na apá sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ètè wọn ń mì. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró, wọ́n tún un kà. Oníbàárà kan dé, ó ń béèrè iye gbànja, wọn kò dá a lóhùn.

Wọ́n wá sọ ọ̀kan. Mi ò ní sọ èwo ni fún yín. Mo gba fóònù mi, mo ṣí orí kẹta.